Ẹ̀mí Márùn-ún

Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín tẹ́lẹ̀,
àwọn tó dorí kodò nínú bọ́ọ̀sì 192
láti Stockport títí dé àárín Manchester,
tí àtàǹpàkò wọn ń sáré bí ẹnu adìyẹ lórí àgbàdo tí a sá.
Mo ní, àgbàlagbà tó ń to súìtì pupa mẹ́ta sójú kan,
kí ló kù tí kò ní tò láyé?

Fìyìnfólú ọmọ mi, ọdún mẹ́jọ,
kò tilẹ̀ mọ ìdí tó fi gba tirẹ̀ sórí fóònù mi.
"Gbogbo kíláàsì wa ló ní in, Mọ́mì."
Ó parí.
Ológbò kan báyìí ni, ó ń fò láti òrùlé dé òrùlé.
Ọmọ tí ológbò rẹ̀ kò bá tíì ní fìlà
kì í rẹ́ni bá jókòó lásìkò oúnjẹ ọ̀sán.

Ti Ṣókẹ́yẹ, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó, ìbínú ni.
Ó rí ìpolówó kan: ọba wà nínú iná,
ọwọ́ kan sì ń fa irin tí kò yẹ kó fà,
omi kò dé, ọba jóná,
wọ́n tún un ṣe, ọba tún jóná.
"Òpè wo rèé? Ẹ gbé e wá fún mi!"
Bí wọ́n ṣe mú un nìyẹn, bí ẹni fi ẹ̀pà mú eku.
Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tó di oṣù kejì
ó ti san pọ́n-ùn mẹ́rìnlá,
ó ní kí n má sọ fún ìyàwó òun.

Edna Ollerenshaw, yàrá kẹsàn-án,
ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún,
sọ fún dókítà pé ọpọlọ òun lòun ń pọ́n.
Irọ́ ni.
Ọmọ ọmọ rẹ̀, Callum, wà ní Vancouver.
Kì í pè, kì í kọ lẹ́tà.
Ṣùgbọ́n nínú eré náà, ẹ̀mí márùn-ún ni wọ́n ń fún ni.
O kùnà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan lọ.
Bó bá tán, o di aláwòmọ́jú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú,
àfi bí ẹnìkan bá ta ọ́ lọ́rẹ.
Láràárọ̀, kí n tó gbé tíì dé,
fóònù rẹ̀ á dún tín-ín:
Callum fi ẹ̀mí kan ránṣẹ́.
"Ọmọ yìí ò tíì lọ sùn," á wí, á sì rẹ́rìn-ín.

Fi ẹ̀mí ránṣẹ́. Mo yí i wò lédè wa nínú òjò,
mi ò rí ibi tí mo lè gbé e kà.
Àwa tí a ń fi ìkúnlẹ̀ tọrọ ẹyọ kan ṣoṣo.

Ní Fẹ́búárì, òtútù àyà dé.
Kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù ó di ọwọ́ mi mú:
"Tí Callum bá ti sùn, ọ̀sán mi máa ń gùn.
Gbà á sórí tìrẹ,
kí n lè rí ẹlòmíì tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi níbùdókọ̀, mo tẹ̀ ẹ́.
Ojú ti mí. Mo fi ara bo fóònù
bí ẹni ń jẹ ẹran ẹlẹ́ran.
Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ lágogo kan ọ̀sán.

Wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì yàrá kẹsàn-án báyìí,
wọ́n ti ṣí fèrèsé.
Eré náà kò gbọ́.
Edna kò ní ẹ̀mí mọ́, ni ó kọ síbẹ̀,
ṣé o fẹ́ fún un ní ọ̀kan?
Mo tẹ̀ ẹ́. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Lálẹ́ àná, bí mo ṣe ń bu ìrẹsì Fìyìnfólú,
fóònù dún tín-ín lórí tábìlì.
Callum, tí mi ò rí rí,
fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi.