Òógùn Àmù

Ojú fèrèsé ló gbé e sí,
nítorí kò sí fíríìjì nínú yàrá,
ti ilé ìdáná sì jẹ́ ti wàrà àti ẹyin.
Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hull, àjà kẹta, oṣù Kejìlá:
kí ló tún tutù ju ojú fèrèsé lọ?

Ínsúlínì dì lóru, ó yọ́ láàárọ̀.
Kò yí àwọ̀ padà. Kò rùn.
Hawwa Abakar fa ogún ìwọ̀n jáde bó ṣe máa ń ṣe,
ó gún un sí awọ ikùn rẹ̀.
Ogún lọ́jọ́ kejì. Ogún lọ́jọ́ kẹta.
Òkú ló ń gún sára, kò mọ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì,
ètè gbẹ, èémí ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n jù.
Mo pe áńbúláǹsì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, èmi nọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rìndínlógún.

Ogun lè lé ènìyàn kúrò ní Zalingei,
kó lé e kọjá odò gbígbẹ àti aginjù,
kó já a sínú ọkọ̀ rọ́bà lórí òkun;
kò lè lé àtọ̀gbẹ kúrò lára rẹ̀.
Àtọ̀gbẹ kì í sọnù lọ́nà.
Oògùn ló máa ń sọnù.

Nígbà tó padà dé, a pe ògbufọ̀ lórí fóònù,
ọkùnrin kan ní Cardiff, ọmọ ọwọ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.
Mo ní: ta ló ní kó o gbé e síbẹ̀?
Ó rẹ́rìn-ín. "Sísítà, oòrùn ni mo mọ̀ pé ó ń pa á.
Ta ló sọ fún mi pé òtútù náà ń pa á?"

Ó ní lábẹ́ tapólì ní Adré,
ìkòkò kan wà nínú ìkòkò kan,
yanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ rírin lórí.
Ògbufọ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Mo ní kó má ṣèyọnu.
Ìyá mi ní ọ̀kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Òkèihò.
Àmù là ń pè é.
"Amu," ni ó wí, láìsí ohùn kankan lórí rẹ̀.

N kò sọ ti bàbá mi fún un,
ẹni tí ínsúlínì rẹ̀ wà nínú fíríìjì dáadáa,
fíríìjì wà, iná ni kò sí, ọjọ́ mọ́kànlá.

Oṣù Keje, yàrá náà di ààrò.
Wọ́n ti de fèrèsé pa ní ìdè irin, kí ẹnikẹ́ni má baà fò.
Ó ra ìkòkò òdòdó méjì ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù,
ó bu yanrìn létí odò Humber sínú àpò náílọ́ọ̀nù.
Máníjà ní erùpẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ yàrá.
Mo kọ lẹ́tà: *ohun èlò ìṣègùn*. Mo fọwọ́ sí i, mo tẹ òǹtẹ̀.
Àmù ń làágùn,
oògùn ń tutù nínú òógùn rẹ̀.

Lẹ́tà tiwọn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun:
Wolverhampton, aago mẹ́fà àárọ̀, àpò kan ṣoṣo.
Faìlì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ìgò tó kù, ọjọ́ márùn-ún.
Mo pe ilé ìwòsàn mẹ́fà níbẹ̀;
ẹ̀rọ ń kọrin fún mi, ẹ̀rọ ní èmi ni ẹni kẹtàdínlógún.

Awakọ̀ kò gba ìkòkò.
Ó fi sílẹ̀ fún Filmon, yàrá kejì sí tirẹ̀,
ọmọ Eritrea, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí òun náà ń gún ikùn.
Kò sí ẹbí láàárín wọn. Ó ṣáà jẹ ogún.

Lánàá mo dé ibẹ̀, mo ní kí ni yìí.
Filmon ní: "Amu."
Mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rin.

Wolverhampton kò tíì pè mí padà.