Títí Ọ̀wàrà Yóò Fi Dá

Ìpàdé àdúgbò ló fẹnu kò sí i, ní Ìtòkò,
lábẹ́ ìbòòji páànù ilé Ṣówẹ̀mímọ́:
láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Òkúdu
títí Ọ̀wàrà yóò fi dá,
onílé kankan kò gbọdọ̀ lé ayálégbé síta.
Wọ́n ní a kì í fi ọmọ ènìyàn fún òjò.
Mo wà níbẹ̀. Èmi náà nawọ́.

Ta ni kò ní nawọ́? Lọ́dún tó kọjá
wọ́n da ẹrù Ìyá Kúbúrà sójú àgbàrá,
àpò gàrí rẹ̀ wú bí ikùn aláboyún,
ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri
bí ìwé ìpolówó ìbò.

Ṣùgbọ́n ilé mi ni Tìámíyù ń gbé.
Bíríkìlà ni, òjò kì í sì í jẹ́ kí bíríkìlà ríṣẹ́.
Ó san owó oṣù kan nínú Igbe,
láti ìgbà náà, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́" ló ń san.
Mo ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́" tó kún igbá,
n kò rí ẹni bá mi ṣẹ́ ẹ sí náírà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Láfẹ́ńwá.
Owó ìfẹ̀yìntì mi ń bọ̀
bí ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́jọ ti máa ń bọ̀ nígbà náà:
à ń gbọ́ fèrè rẹ̀, a kò rí orí rẹ̀.
Yàrá méjì yẹn ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi.
Yàrá méjì yẹn ni epo ìdáná.
Wọ́n ya agbòjò lé ayálégbé lórí,
apá mi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá rẹ̀.

Oṣù Ògún dé, òjò dákẹ́.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, eruku ń sọ lójú ọ̀nà.
Mo ń fi èédú ka ọjọ́ sára ògiri,
mo ń wo sánmọ̀ bí ẹni ń ṣọ́ onígbèsè.
Lọ́jọ́ kẹwàá mo tọ akọ̀wé ìpàdé lọ:
"Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré yìí, ṣé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn ni?"
Ó wò mí láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀,
ó ní, "Bàbá Fọlárìn, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn kékeré nínú òfin wa."
Bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ padà, ojú tì mí díẹ̀.
Díẹ̀ náà ni.

Wọ́n á ní àwọn baba wa sá fógun wá sábẹ́ òkúta,
òkúta kò gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkúta kì í ra páànù,
ẹ̀jẹ̀ òkúta kì í sì í ru.

Lóru ọjọ́ kan nínú Ọ̀wàrà, ìjì ká òrùlé yàrá mi.
Kí n tó rí ìṣáná, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lókè.
Tìámíyù ni, ìṣó lẹ́nu, òòlù lọ́wọ́,
ó ki fóònù tó ń tàn bọ abẹ́ fìlà rẹ̀.
Sùwébátù ìyàwó rẹ̀ di àkàbà mú nísàlẹ̀,
omi ń ṣàn gba ojú rẹ̀ kọjá, kò nu ún.
Mo gbé báàfù sábẹ́ ibi tó ń jò.
Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."
Mo ní kó lọ pààrọ̀ aṣọ.

Àná ni Ọ̀wàrà parí.
Ìwé tí lọ́yà tẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi,
orúkọ Tìámíyù wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ sì ti gbẹ.
Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀.
Ojú ọ̀run mọ́ kedere,
kò sí ìkúùkuu kan ṣoṣo
tí mo lè sọ pé òun ló dá mi dúró.