Koríko Tí Ewúrẹ́ Kọ̀

Ọkọ̀ Lọ́kọ́ja ló já a sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà,
ìdì méjì, ó gùn jù mí lọ, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta.
Màmá Bámitálẹ́ fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó ní, "Òkun o, ẹ̀yin ọmọ. Ṣé ẹní ni àbí koríko?"
Mo ní, "Koríko ni, Màmá. Ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é.
Bámitálẹ́ ló rà á l'Ábújá. Ó ní kí ẹ sinmi ilẹ̀ gbígbá."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí?"

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilé náà wà ní Ìsánlú,
ilẹ̀ yanrìn, ilẹ̀ tí kì í di nǹkan mú:
ẹ da omi sí i, ó ti gbé e mì kí ẹ tó mí,
ẹ gbẹ́sẹ̀ lé e, ó ti gbàgbé ẹsẹ̀ yín.
Ìbítóyè ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, kí la tún ń gbẹ́?
Ṣebí yanrìn ń mumi fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ẹ ká máa lọ."
N kò dá a lóhùn. Ṣọ́bìrì ni mo nà sí i.

Nítorí mo ti tẹ́ ọ̀kan rí, ní Kábà, lọ́dún tó kọjá,
sórí yanrìn lásán, bí ẹni tẹ́ ẹní fún àlejò.
Òjò mẹ́ta péré. Yanrìn yọ́ sá lábẹ́ rẹ̀,
kòtò níhìn-ín, gegele lọ́hùn-ún.
Onílé pè mí lórí fóònù, kò kí mi.
Etí mi ṣì ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

A gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ààbọ̀.
Ní igun tó kọjú sí kànga, ṣọ́bìrì Ìbítóyè kan amọ̀ pupa.
"Ọ̀gá, ẹ wá wo olè," ó ní. "Ibí lomi máa jókòó sí."
Mo mọ̀ pé ó ti di oníṣẹ́.
A la ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ibẹ̀ dé gọ́tà,
páìpù oníhò, aṣọ funfun la fi wé e.
Màmá ní, "Ẹ má wé e bí òkú. Ẹ wé e bí ọmọ."
A tú u. A tún un wé.

Òkúta wẹ́wẹ́, tìpà kan ààbọ̀.
A dà á, a fọ́n ọn, a rin ín lómi, a lù ú,
a tún lù ú, títí Ìbítóyè fi ní apá òun kì í ṣe tòun mọ́.
Mo na okùn láti ara ògiri dé gọ́tà:
kí ó rẹlẹ̀ ní ìka kan láàárín ìṣísẹ̀ mẹ́rin,
díẹ̀ tí ojú kò ní rí, tí omi kò ní ṣàì mọ̀.

Màmá ń wò wá látorí àpótí.
Ó ní ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ òun fi tu koríko níbí yìí,
àràárọ̀, nítorí ejò.
"Ẹ̀yin wá ń fowó tẹ́ ẹ."

Ewúrẹ́ aládùúgbò wọlé, ó bu ẹnu kan,
ó dúró, ó wò mí lójú
bí ẹni tí àna rẹ̀ tàn jẹ. Ó jáde.

Lóru ọjọ́ kẹta, òjò dé, òjò tó ń fi òkúta ju páànù.
N kò sùn. Kílẹ̀ tó mọ́ mo ti wà lórí ọ̀kadà.
Ẹnu páìpù ni mo kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò:
omi ń kán, ó mọ́ gaara,
kò gbé ẹyọ yanrìn kan dání.

Mo gbójú sókè. Màmá ti jí.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín koríko ọ̀rá náà,
ìgbálẹ̀ lọ́wọ́,
ó ń gbá a.