Ṣúgà

Aago méjì òru ní Saskatoon.
Yìnyín ti bo mọ́tò mi mọ́lẹ̀ níta.
Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà
tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àpótí onídígí,
àpótí tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ,
nítorí ohun tí èmi ń mí ni ikú fún àwọn wọ̀nyí,
àwọn tí mò ń sìn bí ẹni ń sin adìyẹ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbẹ́ ni iṣẹ́ mi,
ìgbẹ́ àgbà, ìgbẹ́ ọmọdé, nínú ike kékeré,
nọ́ńbà lára, kò sórúkọ.
Ìyá mi bi mí lórí fóònù:
"Ìbíyẹmí, kí lò ń ṣe ní Kánádà gan-an?"
Mo ní, "Mò ń ṣèwádìí ni, Mọ̀ọ́mì."
Mi ò sọ èyí tó kù.

Nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì, mo mọ̀ ọ́n.
Kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n.
Halyna, ìyá arúgbó tó wà ní wọ́ọ̀dù kẹta.
Eyín ló ń dùn ún, wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò;
oògùn pa ọlọ̀tẹ̀, ó pa onílé,
ó gbá ìfun mọ́ bí yàrá tí ayálégbé kó kúrò.
Ẹyọ kan tó ti sùn nínú èèpo rẹ̀ tipẹ́,
tí ọtí ìfọwọ́ kò rí gbé ṣe,
la ojú, ó wò yíká, kò rí ẹni tí yóò bi í léèrè.
Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í po oró.

Ẹ gbọ́ bí oró náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń yà mí lẹ́nu títí dòní:
ṣúgà ni.
Ó mú hóró ṣúgà kan ṣoṣo,
ó fi dí ẹnu ẹni tó ń pàṣẹ fún òpó sẹ́ẹ̀lì.
Òpó yẹ̀. Ògiri ìfun ya.
Omi ara ń dà, ó ń dà,
bí ẹ̀rọ omi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bọ́.

Ṣúgà!
Ní Ìpetumodù, lọ́dún tí Gbóyèga ya ìgbẹ́ gbuuru,
ìgò bíà kan omi sísè,
ṣúgà síbí mẹ́wàá, iyọ̀ síbí kan,
ìyá mi ń fi ìka tẹ́ orí síbí kó má lé.
Ojú ọmọ ti jìn wọnú.
Díẹ̀díẹ̀ ló ń ta á sí i lẹ́nu títí àkùkọ fi kọ.
Ilẹ̀ mọ́, Gbóyèga tọ̀ sí i lára.
Gbogbo ilé hó yèè nítorí ìtọ̀.
Tírélà ló ń wà báyìí, kò rántí nǹkan kan.

Lánàá, wọ́n fún Halyna ní kápúsù:
ìgbẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń gbá họ́kì lódìkejì odò.
Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà;
àwọn tó ń ṣọ́ obì ńkọ́?
Inú obì kan náà ni.
Bóyá wọn yóò dúró. Bóyá wọn ò ní dúró.
Ọjọ́bọ̀ la máa mọ̀.

Mo fọ ọwọ́, ọṣẹ àti omi, lẹ́ẹ̀mejì.
Nílé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù.
Mo fẹ́ pè é kí n bi í pé:
Mọ̀ọ́mì, ta ló kọ́ yín ní òṣùwọ̀n yẹn?