Oṣù Tí Wọ́n Gba Gègé Lọ́wọ́ Mi

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru bí ọbẹ̀ tí a gbàgbé sórí iná.
"Oṣù kan," ó wí, "má kọ ọ̀rọ̀ kan."
Mo gbé àpò kan wá sí Abẹ́òkúta,
orí kẹtàdínlógún ìtàn mi wà nínú rẹ̀,
níbi tí mo ti fẹ́ pa Ṣóbándé sórí òkè.

Ilé Nọ́ọ̀sì Ẹfúnyẹmí wà nísàlẹ̀ Ìtòkò.
Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́.
Kí n tó jókòó, ó ti gba gègé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,
ó jù wọ́n sínú agolo mílíìkì lókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Láfún. Ẹ̀fọ́ tí kò rí iyọ̀.
Mo bínú sí oúnjẹ bí ọmọdé.
Lóru, gbólóhùn gígùn ń sáré nínú mi bí eku àjà,
kò sí ìwé tí n ó tì wọ́n mọ́.

Láràárọ̀ a ń gun àtẹ̀gùn òkúta.
Mo ka mọ́kànlélógún, èémí tán.
"Dúró níbẹ̀un," ni yóò wí, "mí ná.
Òkè kò ní sá lọ."
Nísàlẹ̀, páànù pupa, páànù pupa,
odò Ògùn ń kọjá láìwẹ̀yìn.

Ìwé kan ṣoṣo ló ní àyè nínú ilé náà,
ìwé ọmọ iléèwé tó fi ń kọ ìfúnpá mi.
Lọ́jọ́ kọkàndínlógún ó gbàgbé rẹ̀ sórí àga,
mo jí i kà:

Ọjọ́ kẹta. Kò sùn. Ó bá fèrèsé jà.
Ọjọ́ kẹsàn-án. Ó jẹun tán. Ó bèèrè iyọ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlá. Ó rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ogún ọdún tí mo ti ń kọ̀wé,
n kò tíì rí ènìyàn kedere bẹ́ẹ̀ rí.
Mo dá a padà sórí àga,
ojú ń tì mí bí olè
tó bá orúkọ ara rẹ̀ nínú àpò tó jí.

Nígbà tí gègé jáde nínú agolo,
mo fa igi lé ojú ìwé mẹ́rìnlélógójì.
Ohun tó kù kò gùn ju èémí ẹni tó ń gòkè.
Ṣóbándé dé àtẹ̀gùn kọkànlélógún.
Ó jókòó. Ó mí.
N kò tíì mọ̀ bóyá yóò kú.

Mo kà á fún Ẹfúnyẹmí. Kò sọ nǹkan kan.
Ó di aṣọ ìfúnpá mọ́ mi lápá,
ó fún rọ́bà, ó ń wo aago.
"Ó ti wálẹ̀ díẹ̀," ó wí.
N kò bi í léèrè èwo.

Iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà.