Aṣọ Tí A Kì Í Ká

Ọyẹ́ kò tíì kúrò lórí Òkè-Baálẹ̀
nígbà tí Ìyá Yangzom sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi,
pọ́púlìn oríṣi márùn-ún nínú ọ̀rá dúdú.
Ó ní kí n gé e bí áńkáṣífù,
kí n rán an mọ́ okùn kan ṣoṣo.

Mo fi yẹ́lò ṣáájú, torí òun ló wù mí.
Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n tú u.
Búlùú ni àkọ́kọ́: sánmà.
Funfun tẹ̀ lé e: afẹ́fẹ́. Pupa, iná.
Aláwọ̀ ewé, omi.
Yẹ́lò ni ilẹ̀.
“Ilẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn,” ó ní, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
“tiwa ti kẹ́yìn jù.”
Mo tú u. N kò gba owó àtúnrán.

Méje péré ni wọ́n, àtòun àti Dékyi ọmọ-ọmọ rẹ̀:
dókítà eyín láti Ìlọrin,
tọkọtìyàwó tí ń ta kápẹ́ẹ̀tì n'Íbàdàn,
Choedak, tí taya ọkọ̀ rẹ̀ jò lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé láti Èkó,
àti Bàbá Ngawang, tí kò gbọ́ èdè ẹnì kankan
tó sì ń kí gbogbo wa.

A wá ọkà ilẹ̀ wọn dé Ọjà-Ọba, kò sí.
Àgbàdo la yan, a lọ̀ ọ́ ní ẹ̀rọ Bàbá Láwànì.
Gbogbo àdúgbò ń retí àádùn,
àfi bí wọ́n ṣe bu ìyẹ̀fun lẹ́kùn-únwọ́
tí wọ́n dà á sí ojú ọ̀run!
Ó bà lé wa lórí, irun wa funfun,
a darúgbó lẹ́ẹ̀kan náà.
Ìyá mi ké: “Ẹ̀yin èèyàn yìí, oúnjẹ mà ni!”

Ṣùgbọ́n mo ti fo alẹ́ tó ṣáájú.
Ọbẹ̀ kan wà, kókó ìyẹ̀fun ń léfòó nínú rẹ̀,
nǹkan sì fara pamọ́ sínú kókó kọ̀ọ̀kan.
Ẹni tó bá bá ata, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.
Ẹni tó bá òwú, onínúure ni.
Èédú ń wá ọlọ́kàn dúdú kiri
(dókítà eyín ló bá a, eyín tirẹ̀ gan-an ló dú).
Èmi bá iyọ̀.
Ẹ̀rín bú: ọ̀lẹ!
Èmi tí mò ń ránṣọ mọ́jú!
Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní níhìn-ín,
iyọ̀ la fi ń kan ahọ́n ọmọ tuntun
kí ayé rẹ̀ má baà tẹ́.
Dékyi túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ilé pa lọ́lọ́.
Bàbá Ngawang na ìka sínú àwo mi,
ó mú iyọ̀ díẹ̀, ó tọ́ ọ lá
bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Wọ́n ta okùn náà láti igi máńgòrò dé ẹsẹ̀ táńkì omi.
Òjò àkọ́rọ̀ ṣú, mo sáré jáde,
mo figbe ta: “Ìyá Yangzom, ẹ ká aṣọ!”
Ó jókòó sí fàráńdà, kò mira.
“Àdúrà la tẹ̀ sí i lára. Ẹ jẹ́ kó rìn.
Tó bá ṣá, afẹ́fẹ́ ti kà á tán nìyẹn.”
Ogún ọdún rèé tí mo ti ń bá oòrùn jà
kí aṣọ oníbàárà má baà ṣá.

Lọ́dún yìí, mẹ́fà ló wá.
Bàbá Ngawang ti sùn sí Ìlọrin, nínú oṣù Agẹmọ.
N kò dúró de ọ̀rá dúdú,
nínú ẹrù tèmi ni mo ti gé pọ́púlìn. Búlùú ṣáájú.
Nígbà tí ọmọṣẹ́ mi rí i tí òjò ṣú,
tó ju síọ́sì sílẹ̀, tó fẹ́ sáré,
mo ní, “Fàdérera, jókòó.”
Ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Yẹ́lò ló kọ́kọ́ ṣá.
Ilẹ̀, tó kẹ́yìn lórí okùn,
òun ló kọ́kọ́ délé.