Àmì Pẹ́ńsùlù Lára Òpó Ilẹ̀kùn

Káfíńtà ni mí, ní Òkè-Omirù, n'Iléṣà.
Mo mọ igi tó gbẹ, mo mọ èyí tó ṣì lómi nínú;
bí mo bá fìka kan pákó, á sọ ọjọ́ orí ẹ̀ fún mi.
Ọmọ inú ilé mi ni n ò mọ̀ ọ́n kà.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti wọlé,
mo máa ń to àwọn ọmọ mọ́ òpó ilẹ̀kùn,
ẹ̀yìn orí kan igi, gìgísẹ̀ kan igi,
n ó fa ìlà, n ó kọ ọdún sí i.
Ìbíròńkẹ́ pé ọdún márùn-ún, ìlà rẹ̀ gòkè.
Ó pé mẹ́fà, ó gòkè díẹ̀.
Ó pé méje, mo ní bóyá pẹ́ńsùlù mi ni kò mú.
Ó pé mẹ́jọ, ìlà mẹ́ta gun ara wọn lórí
bí èrò tó há sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo.
Gbádébọ̀ àbúrò rẹ̀
ló kọjá lórí rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Kí la ò gbọ́?
“Ìran ìyá rẹ̀ ni.” Ìyá rẹ̀ ga jù mí lọ!
“Ẹnìkan ló de ìdàgbà rẹ̀ mọ́nú ìkòkò.”
Tíṣà ní ó lọ́ra, pé orí àga ló ń sùn.
Nínú oòrùn oṣù kẹta, súwẹ́tà ló ń wọ̀,
ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ há bí ayùn tó pàdé ìṣó.
Mo nà án.
Nítorí oorun ni mo ṣe nà án, lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn náà sára òpó.

Nọ́ọ̀sì kan tó wá gba kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀
ló wò ó títí, ló fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀:
“Ẹ mú un wá sí Wẹ́sílì lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.”

Wọ́n ya fọ́tò egungun ọwọ́ òsì rẹ̀.
Dókítà Ògúnlùsì gbé e kọ́ iwájú iná:
“Ọmọ ọdún mẹ́jọ rèé. Egungun ọdún mẹ́rin.”
Mo rí àlàfo láàárín oríkèé,
bí àga tí a kò tíì kan ìṣó mọ́.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rìn dé Ìbàdàn kó tó fèsì.
Ẹṣẹ́ kan wà lọ́rùn, ó rí bí labalábá tó bà;
ohun tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mónù ni wọ́n ń pè é,
òun ni ara fi ń ga, tí ara fi ń móoru, tí ọpọlọ fi ń jí.
Tirẹ̀ kò tó.
Kò sí ìkòkò. Kò sẹ́ni tó de nǹkan kan.
Mo bi dókítà bóyá nítorí ẹgba mi ni.
Ó ní rárá. Ó tún ní rárá.

Hóró funfun kan, kò ju orí ìṣó lọ,
láràárọ̀, pẹ̀lú omi, kí ẹ̀kọ tó kan ẹnu.
“Títí di ìgbà wo?”
“Títí.”

Nígbà tí owó oògùn fò sókè,
mo mú ṣísẹ́lì tó mú jù, mo là á sí méjì géérégé.
Iṣẹ́ ọwọ́ mi kò gún tó bẹ́ẹ̀ rí.
Oṣù méjì, oorun padà dé.
Dókítà wo èsì, ó wojú mi:
“Bàbá Ìbíròńkẹ́, ṣé ìdajì ìṣó lẹ fi ń kan ilẹ̀kùn?”
Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń fá pákó.
Ọwọ́ ni mo fi ń fá a báyìí.

Ọyẹ́ tó kọjá, ìlà gòkè ní ìka mẹ́ta.
Ó ti ń jiyàn, ó ń fọ́ abọ́,
ó ń já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ Gbádébọ̀.
Ìṣirò ṣì le fún un. Dókítà kò tàn mí:
ọdún tó lọ kò ní padà tán.
Ikán ti wọ ìdí òpó yẹn; ìyá rẹ̀ ní kí n pààrọ̀ rẹ̀.
Èmi, káfíńtà, n ò lè yọ ọ́.

Lánàá, ó fa pẹ́ńsùlù yọ lẹ́yìn etí mi, ó gun àpótí:
“Bàbá, ẹ dúró dáadáa. Gìgísẹ̀ kan igi.”
Ó fa ìlà, ó fi wé èyí tí mo fà fún ara mi
lọ́dún tí mo kan ilẹ̀kùn náà.
“Ẹ ti ń kúrú!” ló wí,
ohùn rẹ̀ já gaara.